Iṣẹ́ Ọlọ́pàá tí ó Kọjá Ààlà Ilẹ̀

 Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ayẹyẹ yìí ní kí a bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ènìyàn lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Bóyá iṣẹ́ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ amòfin ni wọ́n rò pé a ó mú. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni a mú, ní pàtàkì èyí tí ó kọjá ààlà ilẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó dé àárín àwọn orílẹ̀-èdè gbogbo.

A rí i bí àwọn ìyá kan ti ń wo ara wọn lójú nígbà tí a dárúkọ iṣẹ́ náà, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ bá wí pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni òun yóò ṣe, baba rẹ̀ a béèrè ohun tí òun fi du ọmọ náà tí ó fi fẹ́ fi ìyà jẹ òun. A kò lè bá irú baba bẹ́ẹ̀ jà, nítorí ohun tí ojú àwọn ènìyàn ti rí lójú títì kò kéré. Síbẹ̀, ẹ fi etí sílẹ̀ fún wa díẹ̀, nítorí pé ọ̀ràn tí a mú wá yìí kan ilé gbogbo tí ó ní ọmọ ní òkè òkun, ilé gbogbo tí ó ní oníṣòwò tí ń kọjá ẹnubodè, àti ilé gbogbo tí ènìyàn ti sọnù mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ara wa. Kí ìwé kíkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa a máa fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Wọn a sín owó ẹyọ, wọn a fi ìyẹ́ tàbí ohun mìíràn kún un, wọn a dì í, wọn a sì fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí ìfẹ́, nítorí ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí ẹni tí ó gbà á. Àrokò kò ní idà lọ́wọ́, kò sì ní okùn tí a fi ń de ènìyàn. Bí ọba tí a fi í ránṣẹ́ sí bá gba ẹni tí ó rán an gbọ́, yóò ṣe ohun tí àrokò wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mọ̀ ọ́n ní ẹlẹ́tàn, owó ẹyọ lásán ni ó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo agbára àrokò ń bẹ nínú orúkọ ẹni tí ó rán an.

Ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Interpol kò yàtọ̀ sí èyí. Àwọn tí ó ń wo sinimá rò pé ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, tí ń gbé ìbọn, tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ de ọ̀daràn mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ kílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò ní àtìmọ́lé, kò ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò sì ní àṣẹ láti fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni olú-ilé rẹ̀ wà láti ọdún 1989. Orílẹ̀-èdè 196 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, olúkúlùkù wọn sì ní ọ́fíìsì kan tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ náà fúnra wọn ń bójú tó, tí ń gba iṣẹ́, tí sì ń rán iṣẹ́. Orílẹ̀-èdè wa wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1960, tí í ṣe ọdún òmìnira, Àbújá sì ni ọ́fíìsì tiwa wà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé Interpol ni ó wá mú lágbájá ní Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé ọlọ́pàá Nàìjíríà ni ó mú un, lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Ohun tí ó ti Lyon wá kò ju ìwé lọ.

Ìwé náà ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Pupa ni ti ẹni tí ilẹ̀ kan ń wá láti fi jẹ́jọ́ tàbí láti fi sí ẹ̀wọ̀n. Ọdún 1947 ni a kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́. Yẹ́lò ni ti ẹni tí ó sọnù, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọmọdé. Dúdú ni ti òkú tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn wà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yìí tó fún wa lónìí. Kí ẹ sì kíyè sí i pé ìwé pupa kì í ṣe àṣẹ. Orílẹ̀-èdè tí ó bá gbà á lè mú ẹni náà, ó sì lè fi í sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ rẹ̀ ti wí. Àrokò ni.

Bí a ti ṣe dé ibẹ̀ jẹ́ ìtàn gígùn, a ó sì gé e kúrú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1914, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn amòfin láti orílẹ̀-èdè 24 pàdé ní Monaco, wọ́n ń gbèrò bí a ó ti ṣe máa mú ọ̀daràn tí ó bá sá kọjá ààlà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ogun Ńlá bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì sùn. Ní ọdún 1923 Johannes Schober, olórí ọlọ́pàá ìlú Vienna ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, jí i dìde, Vienna sì di ibùjókòó ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1938 Hitler gba Ọ́sítríà, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gba ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ní ọdún 1940 Reinhard Heydrich, ọ̀kan nínú àwọn olórí tí ó wéwèé pípa àwọn Júù run, di Ààrẹ rẹ̀. Ní ọdún 1942 a kó ibùjókòó náà lọ sí Berlin.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí. Orúkọ àwọn ènìyàn, àwòrán wọn àti àmì ìka wọn, tí àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ìgbẹ́kẹ̀lé kó jọ fún ṣíṣọ́ olè àti apànìyàn, bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó burú ju olè àti apànìyàn lọ. Kò sí ẹni tí ó fọ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìjókòó olórí nìkan ni wọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dákẹ́, wọn kò sì rán iṣẹ́ mọ́. Ní ọdún 1946, ní Brussels, ni Florent Louwage, ọlọ́pàá ará Bẹ́ljíọ́mù, tún pe àwọn tí ó kù jọ, tí a sì tún ilé náà kọ́ ní Paris. Ọdún náà gan-an ni a mú orúkọ Interpol, tí ó kàn jẹ́ àdírẹ́sì kúkurú fún fífi wáyà ránṣẹ́. Nínú òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1956, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ sí ọ̀ràn ìṣèlú, tàbí ti ogun, tàbí ti ẹ̀sìn, tàbí ti ẹ̀yà. Ẹni tí iná ti jó ni ó kọ òfin yẹn.

Ẹni tí a fẹ́ fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ hàn yín ni Ronald Noble. Ọdún 1956 ni a bí i ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣóójà ni baba rẹ̀, ènìyàn dúdú bí àwa. Ọmọ Jámánì ni ìyá rẹ̀. Ọ̀nà òfin ni ó gbà wọ inú iṣẹ́ ìṣọ́, kì í ṣe ọ̀nà kánsẹ́bù. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Stanford, ó ṣe agbẹjọ́rò ìjọba ní Philadelphia, ó sì kọ́ni ní òfin ní New York. Ní ọdún 1993 a pè é sí ilé iṣẹ́ Ìṣúra ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọdún náà ni àwọn ọlọ́pàá tí ó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ náà lọ ká àwọn ẹlẹ́sìn kan mọ́ ilé wọn ní Waco, ní ìpínlẹ̀ Texas. Mẹ́rin nínú àwọn ọlọ́pàá náà kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Noble ni a fi ṣe olórí ìwádìí. Ìwé tí wọ́n gbé jáde kò bo àṣírí àwọn ọ̀gá. Ó wí ní gbangba pé àwọn tí ó ṣètò ìkọlù náà mọ̀ pé àṣírí wọn ti tú, síbẹ̀ wọ́n rán àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lọ. Lójú tiwa, iṣẹ́ yẹn tóbi ju oyè tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ lọ, nítorí ó rọrùn láti wádìí àjèjì, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti wádìí ilé tí ènìyàn ń jẹun.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000 a yàn án ní Akọ̀wé Àgbà Interpol, ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó jókòó lórí ìjókòó náà. Akọ̀wé Àgbà ni ó ń darí iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ààrẹ ni ó ń ṣe alága ìgbìmọ̀. Ẹ mú ìyàtọ̀ yìí dání, a ó tún padà sí i.

Kò tíì pé ọdún kan tí ó dé Lyon nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú kọlu ilé gíga méjèèjì ní New York, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, tí nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Títí di ìgbà náà, ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé gbójú lé a máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní alẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ a máa gba ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ lásán, oṣù púpọ̀ a sì kọjá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ọ̀daràn ti kọjá òkun méjì kí àrokò tó kọjá odò kan! Noble pàṣẹ pé kí ilẹ̀kùn má tì mọ́, tọ̀sán tòru. Ní ọdún 2002 a bẹ̀rẹ̀ sí kọ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù tí ó sọnù àti èyí tí a jí sínú ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2003 a bẹ̀rẹ̀ sí so àwọn orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ Lyon pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ fi ń dé láàrín ìṣẹ́jú.

A fẹ́ sọ ọ̀ràn kan, a ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra nítorí àwọn ọmọdé tí ó wà láàrín wa. Ọkùnrin kan ń ba àwọn ọmọdé jẹ́ ní Vietnam àti ní Cambodia, ó ń ya àwòrán ìwà ìbàjẹ́ náà, ó sì ń fi í sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti fi kọ̀ǹpútà lọ́ ojú ara rẹ̀ nínú àwòrán náà bí ẹni ro àmàlà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọlọ́pàá Jámánì jókòó tì í títí wọ́n fi tú ohun tí ó lọ́, ojú náà sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n ta ni í ṣe? Láti ilẹ̀ wo ni ó ti wá? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2007, Noble ṣe ohun tí Interpol kò ṣe rí: ó fi àwòrán náà han gbogbo ayé, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀. Ènìyàn tí ó ju 300 lọ ni ó dáhùn. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà, ará Kánádà, tí ń kọ́ni ní Kòríà. Ó sá lọ sí ilẹ̀ Táílándì, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ náà sì mú un ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ọjọ́ 11 lẹ́yìn ìkéde. Ẹ wo bí ó ti rí: Jámánì tú àwòrán, Lyon kéde, àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ sọ orúkọ, Táílándì mú un. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ etí ikún sí èkejì, ọkùnrin náà ì bá ti wà nínú kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Kí a má sì ṣe ròyìn ire nìkan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2014, ọkọ̀ òfuurufú Màléṣíà kan tí ó gbé ènìyàn 239 nù láìsí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wọlẹ̀ sí. Méjì nínú àwọn èrò rẹ̀ mú pásípọ́ọ̀tù tí kì í ṣe tiwọn dání: ọ̀kan ti ọmọ Ìtálì, ọ̀kan ti ọmọ Ọ́sítríà, a sì ti jí méjèèjì ní Táílándì. Nọ́ńbà wọn wà nínú ìwé Interpol. Ẹni tí ó jókòó ní ẹnubodè kò wò ó. Ìwádìí fi hàn pé àwọn ọkùnrin méjèèjì kò ní ọwọ́ nínú bí ọkọ̀ náà ṣe nù. Ibi ìsádi ni wọ́n ń wá lọ sí Yúróòpù. Ṣùgbọ́n Noble fi ọ̀ràn náà pariwo, ó ní ní ọdún 2013 nìkan, ó ju ìgbà bílíọ̀nù kan lọ tí ènìyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú láìjẹ́ pé a fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wé ìwé náà. A lè fi àrokò ránṣẹ́, a kò lè tú u fún ẹni tí kò fẹ́ wò ó.

Àwa tí a ń gbé ní etí ààlà mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìránṣẹ́ kò bá lọ, tí kò sì bọ̀ láàrín ilé méjì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ Benin pa. Ìjọba wa wí pé àwọn tí ń fi ìbọn gba ọkọ̀ níhìn-ín ń rí ibi sá sí lọ́hùn-ún, pé ọlọ́pàá òdì kejì kò sì ran wa lọ́wọ́. Láìpẹ́ a mú ẹni tí a pè ní olórí wọn ní ilẹ̀ Mali, a fà á lé Benin lọ́wọ́, Benin sì fà á lé wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni a ṣí ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn oníṣòwò Ṣẹ̀mẹ̀ àti Ìdírókò léèrè ohun tí ẹrù wọn dà ní ọjọ́ wọ̀nyí. Ọ̀nà kan náà ni ó lọ sí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wa.

Wàyí o, a ó padà sí ọ̀rọ̀ Ààrẹ tí a ní kí ẹ mú dání. Ní ọdún 2004 a yan Jackie Selebi, ọ̀gá ọlọ́pàá Gúúsù Áfíríkà, ní Ààrẹ Interpol. Gbogbo Áfíríkà yọ̀, àwa náà yọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ó fi ipò sílẹ̀ nítorí ẹ̀sùn pé ó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣòwò oògùn olóró. Ní ọdún 2010 ilé ẹjọ́ ní Johannesburg dá a lẹ́bi, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a fi ń gbé orí sókè: àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn ni ó mú un, ní gbangba ni a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sì lè wọlé lọ jókòó.

Èkejì yàtọ̀. Meng Hongwei, ọmọ Ṣáínà, di Ààrẹ ní ọdún 2016. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ó kúrò ní Lyon lọ sí ilé, aya rẹ̀ kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Aya náà lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá Faransé. Ẹ wo ọ̀ràn yìí: olórí ẹgbẹ́ tí ń wá ẹni tí ó sọnù ni a ń wá kiri! Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ṣáínà wí pé ó wà lọ́wọ́ àwọn nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìwé ìfipòsílẹ̀ dé Lyon. Ní oṣù Kínní ọdún 2020 wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 13 àti ààbọ̀. Aya rẹ̀ wí pé ọ̀ràn ìṣèlú ni. Àwa kò jókòó ní ilé ẹjọ́ náà, a kò sì ní ṣe onídàájọ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Ewu mìíràn sì wà tí kò ní ariwo púpọ̀. Àwọn ìjọba kan a máa fi ìwé pupa dọdẹ ọ̀tá wọn: akọ̀wé ìròyìn tí ó sọ òtítọ́, tàbí ẹni tí ó bá wọn du ipò tí ó sì ti sá lọ sí òkè òkun. Òfin ọdún 1956 kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú tí ó fi ń ríran, àfi ojú ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ. Jürgen Stock, ọmọ Jámánì tí ó gba ipò lọ́wọ́ Noble ní ọdún 2014, yan àwọn kan láti máa yẹ ìwé pupa wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì mú kí a túbọ̀ dáàbò bo àwọn tí ilẹ̀ mìíràn ti gbà ní asásàálà. Ìgbìmọ̀ kan tí ó dá dúró wà pẹ̀lú, tí ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ wọ ibẹ̀ láìtọ́ lè kọ̀wé sí láìsan kọ́bọ̀. Valdecy Urquiza, ọlọ́pàá ará Bùràsílì, ni ó gba ipò náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, iṣẹ́ ìṣọ́ yìí sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò béèrè pé, ọ̀nà wo ni a ń gbà dé irú ibẹ̀? Ẹ gbọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá tí ó wà ní Lyon jẹ́ àwọn tí ilẹ̀ wọn yá ilé iṣẹ́ náà. Àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn tí a kọ dáradára àti owó tí a kò gbà. Louis Edet, ọmọ Calabar, ni ó kó àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà lọ sí Kóńgò ní ọdún 1960 lábẹ́ àsíá Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nígbà tí ilẹ̀ náà dàrú. Ní ọdún 1964 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ọlọ́pàá, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe olú-ilé ọlọ́pàá ní Àbújá. Àwọn mìíràn a máa gba ọ̀nà òfin wọlé bí Noble, tàbí ọ̀nà kọ̀ǹpútà, tàbí ọ̀nà ògbufọ̀. Èdè mẹ́rin ni wọ́n ń lò: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Sípáníìṣì àti Lárúbáwá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Faransé sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé ó le, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ tí a ti ń sọ ọ́ kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa, ọ̀rọ̀ yín yà wá lẹ́nu.

Ohun ìkẹyìn jẹ́ ti àwọn òbí. Bí ọmọ yín tí ó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè bá dákẹ́, tí ẹ kò sì mọ ibi tí ó wà, ẹ má ṣe san owó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé òun mọ ènìyàn ní Interpol. Lyon kì í gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ yín, ẹ mú àwòrán rẹ̀ tí ó tuntun jùlọ dání, àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bí ẹ bá ní in, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n fi ọ̀ràn náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ti Àbújá. Láti ibẹ̀ ni a ó ti bẹ Lyon fún ìwé yẹ́lò. Ẹ kọ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ yín sílẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà nílé.